Bàbá Tó Gbé Ọkọ́ Lọ sí Ilé Ìwádìí

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi àgbà ní Ayépé, àwọn tó dìde sọ̀rọ̀ ní ó lawọ́, wọ́n ní ó fẹ́ràn àlejò. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mo ń gbọ́ wọn. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kò lawọ́ tó bẹ́ẹ̀, àlejò tó bá sì pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀, ńṣe ni yóò mú ìgbálẹ̀, tí yóò máa gbálẹ̀ yí ìjókòó onítọ̀hún ká. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo máa sọ pé mo gbọ́ ọ ni.

Sàlámì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Bàbá Olóbì, nítorí obì gbànja ló gbìn, obì ló sì tà títí apá rẹ̀ fi rọ. Àwa ọmọ-ọmọ ń pè é ní Bàbá Ayépé. Òun ni bàbá tó bí bàbá mi, Mùíbá sì ni orúkọ tèmi. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi sì ń ta gàrí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ Bàbá Ayépé ni mo ti máa ń lo ọlidé.

Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, yóò da apẹ̀rẹ̀ obì sílẹ̀ lórí ẹní, yóò tú ewé tó fi wé wọn, yóò sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kòkòrò bá ti lu, yóò yọ ọ́ sọ́tọ̀ kó má baà ran àwọn yòókù. Àwa ọmọdé máa ń bá a ṣe é. Bí o bá wo ẹ̀gbẹ́ kan láìyí obì padà wo ẹ̀gbẹ́ kejì, kò ní bú ọ. Yóò kàn da gbogbo èyí tí o ti ṣà padà sínú tàwọn yòókù, ìwọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kan, mo ní ilẹ̀ ti mọ́ jù, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí. Kò wojú mi. Ó ní, "Ojú tó ń kánjú ni kòkòrò fẹ́ràn."

Kì í gba ẹ̀bùn bọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé nǹkan wá fún un, ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ni, "Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Ojú máa ń ti ìyá mi. Nígbà kan tí Iléyá ku díẹ̀, ọkùnrin kan tó fẹ́ du ipò ní ìjọba ìbílẹ̀ gbé àpò ìrẹsì wá. Bàbá béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ̀bùn ni, ẹ ṣá máa fi wá sínú àdúà." Bàbá ní àdúà kò wúwo tó àpò ìrẹsì, kí ó sọ èyí tó kù. Nígbà tí ọkùnrin náà tún rẹ́rìn-ín, Bàbá ní kí wọ́n gbé àpò náà padà sínú ọkọ̀. Ìyá mi bínú gan-an, nítorí ìrẹsì ti wọ́n lọ́jà. Bàbá wá sọ fún un pé, "Ẹ̀bùn kì í wọ mọ́tò wá sí Ayépé kí ó má ní ohun tó fẹ́ gbé padà."

Mi ò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà tó láti gbọ́ pé ó ti ṣe ìwọ̀fà rí. Àwọn ọ̀dọ́ lè má mọ ohun tó ń jẹ́ ìwọ̀fà. Láyé ìgbà kan, bí baálé ilé bá yá owó tí kò rí san, yóò fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Ọmọ náà yóò máa roko olówó títí owó yóò fi padà. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò dín gbèsè kù, èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́. Ìjọba ti ní kí wọ́n má ṣe é mọ́ nígbà tí Bàbá wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n ó jọ pé àṣẹ náà pẹ́ kó tó dé àwọn oko kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lásísì, ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọfà nítorí owó ìsìnkú kan. Sòbìà mú Lásísì lẹ́sẹ̀, kò lè dìde. Nínú àṣà náà, bí ìwọ̀fà bá dùbúlẹ̀, ẹlòmíràn láti ilé rẹ̀ ni yóò dípò rẹ̀. Ọkọ́ Lásísì ni wọ́n gbé lé Bàbá Ayépé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ó wúwo jù fún un. Ó wà níbẹ̀ ju ìgbà òjò kan lọ. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi, wọ́n ti san owó náà tán, kò sí ẹni tó rántí sọ fún un. Obìnrin kan tó wá ra obì lóko ló bi í pé, "Ìwọ, kí lo ṣì ń ṣe níbí?" Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó sì fẹsẹ̀ rìn wálé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ìtàn yìí fún mi, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Wọn ò nà mí. Wọn ò febi pa mí. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ tí yóò parí fún mi."

Nígbà tí mo fẹ́ jáde ilé-ìwé girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, tíṣà wa kan mú ìròyìn wá. Ilé ìwádìí kan wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí àwọn ibà tó ń pa ènìyàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ṣì ń jẹun níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò lágbára láti rán an lọ sí yunifásítì. Wọn yóò san gbogbo owó ilé-ìwé, ìwé àti ilé gbígbé. Ọmọ náà yóò máa wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọlidé. Bó bá jáde, iye ọdún tí wọ́n fi rán an níwèé ni yóò fi sìn wọ́n. Àgbà ilé kan gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró. Bí ọmọ bá sá, onídùúró ni yóò wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ayépé pẹ̀lú ayọ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìwọ̀fà ni."

"Bàbá, sìkọ́láṣíìpù ni."

"Ṣé yóò sìn wọ́n àbí kò ní sìn wọ́n?"

"Yóò sìn wọ́n. Wọn yóò tún máa sanwó oṣù fún un."

"Bí ó bá fẹ́ kúrò ní àárín, ṣé wọ́n á jẹ́ kó lọ?"

Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ìyá Mùíbá, ìwọ̀fà oníbàtà ni."

Ìjà náà pẹ́. Ìyá mi sọ pé òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun máa wọn gàrí torí pé bàbá arúgbó kan kò gbàgbé oko. Bàbá ní òun kò ní tẹ ìka sí ìwé tí yóò fi ọmọ òun sọfà. Ayépé ni wọ́n ti jọ gbààwẹ̀ lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣínu. Èmi ni mo ń gbé omi fún àwọn méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ lọ.

Níkẹyìn, olùdarí ilé ìwádìí náà wá fúnra rẹ̀. Obìnrin ni, gbogbo wa ń pè é ní Dókítà. Ó jókòó sórí àpótí tí Bàbá fi hàn án, kò wá ṣe bí ọ̀gá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè.

"Bí ọmọ mi bá ṣàìsàn ńkọ́?"

"A ó tọ́jú rẹ̀, Bàbá. Àyè ìsinmi wà."

"Bí ó bá kú?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, ìsìn ti parí nìyẹn. A kò ní bi yín ní nǹkan kan."

"Bí ẹ̀rù bá bà á?"

Dókítà yẹ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò bí ẹni tó ń wá a. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyẹn kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Ọjọ́ wo ni yóò parí?"

Ó sọ oṣù náà àti ọdún náà. Bàbá ní kí ó tún un sọ kí gbogbo wa gbọ́, ó sì tún un sọ. Ìgbà náà ni Bàbá ti ìka rẹ̀ bọ inú tàdáwà. Bí ó ṣe ń nù ún, ó ní, "Ìwé yín mọ àìsàn, ó mọ ikú, kò mọ ẹ̀rù. Èmi á máa bá yín ṣọ́ ìyẹn."

Mo lọ sí yunifásítì, mo kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí. Èmi kì í ṣe ẹni tí ìwé dùn mọ́ jù, ṣùgbọ́n mo ń yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn sì tó láti gbà mí là. Bí mo bá dé lọ́lidé, Bàbá yóò bi mí ohun tí mo kọ́. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń fọwọ́.

"Fọwọ́ kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó pe ìyá mi, tó wá kí wa, láti inú ilé. "Ìyá Mùíbá, wá gbọ́. Àwọn èèyàn rẹ ti kọ́ ọmọ rẹ lọ́wọ́ fífọ̀. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á kọ́ ọ lójú bíbọ́."

Nígbà tó gbọ́ pé eku ni a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní Ìyá Eku. Àwọn ará àdúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnmi la jọ gba sìkọ́láṣíìpù náà lọ́dún kan náà. Ọlọ́yàyà ni, ó máa ń kọrin ní láàbù, yàrá àyẹ̀wò wa, títí Dókítà yóò fi kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ wa ni láti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn eku tí wọ́n dẹ mú ní àwọn abúlé, kí a mọ èyí tó ní ibà Lásà lára. A ń wọ ìbọ̀wọ́, a ń bo imú. Mi ò lè sọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọn kò rí i. Ibà mú Fúnmi, a rò pé ibà lásán ni. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti pẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni ibà mú èmi náà. Wọ́n tètè fún mi lóògùn, nítorí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ìdí tí mo fi wà láàyè nìyẹn, mi ò mọ òmíràn. Etí ọ̀tún mi kò gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, Ayépé ni mo lọ. Àwọn aládùúgbò wá kí mi, wọ́n dúró sójú fèrèsé. Bàbá kò dúró sójú fèrèsé. Ó wọlé, ó jókòó sí apá ọ̀tún mi, ó sọ̀rọ̀, ó rí i pé mi ò dáhùn. Ó dìde, ó lọ jókòó sí apá òsì. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú, apá òsì mi ló ń jókòó sí.

Àyè ìsinmi mi pé, mi ò padà. Dókítà rán awakọ̀ wá, mo ní ó tún kù díẹ̀. Ó tún rán an wá. Ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó bẹ̀ mí. Ó ní, "Bàbá ló ṣe onídùúró rẹ. Ṣé orí arúgbó lo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí já lé?" Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí eku bá rìn lórí àjà, ńṣe ni mo ń sáré jáde síta, bí mo bá sì rántí ilẹ̀kùn láàbù, orin Fúnmi ni mò ń gbọ́ ní etí tí kò gbọ́ràn mọ́.

Bàbá kò bẹ̀ mí, kò bú mi. Àárọ̀ kan tí a jọ ń yẹ obì wò, ó bi mí pé, "Àìsàn ni, àbí ẹ̀rù?"

"Ẹ̀rù ni, Bàbá."

"Ó dáa," ó ní, ó sì mú obì mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo jí, kò sí nílé. Ọkọ́ rẹ̀ tó máa ń fi há àjà kò sí níbẹ̀. Ó ti di gàrí sínú láílọ́ọ̀nù, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹnu máígáàdì ilé ìwádìí ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní géètì. Ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì gbà pé ó ti fi díẹ̀ kún un.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ta lẹ wá rí?"

"Mi ò wá rí ẹnì kankan. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

"Ta ló gbà yín síṣẹ́?"

"Ọmọ mi ń sìn níbí. Kò lè wá. Èmi ni mo dípò rẹ̀."

"Kí ni iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe?"

"Ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ eku wò."

"Ẹ wá fẹ́ fi ọkọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, Bàbá?"

"Ṣí géètì. Bí mo bá dé inú, n ó mọ èyí tí mo lè ṣe."

Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Dókítà. Dókítà ló sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ó wá bá òun jà nítorí etí mi. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ní kí wọ́n fi ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ han òun. Dókítà ṣàlàyé pé kò sí ìdípò nínú ìwé tí wọ́n jọ fọwọ́ sí.

Bàbá ní, "Ẹ̀rù náà kò sí nínú rẹ̀, ó sì ti dé."

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó jáde, ó wo àyíká, ó rí i pé igbó ti hù mọ́ ara ilé tí wọ́n ń kó eku sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí roko. Ní ìrọ̀lẹ́ ó padà wá sílé, kò sọ ibi tó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ. Ọjọ́ yẹn ni awakọ̀ wá sọ fún mi pé, "Ẹ wá mú bàbá yín o. Ọ̀gá kò mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe."

Mo lọ. Mo dé ibi wáyà tó yí ọgbà ká, mo dúró síta. Mo rí i nínú lọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọkọ́ ha koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òógùn ti mú bùbá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Iṣẹ́ ò tíì tán."

"Ẹ̀yìn ilé eku lẹ wà yẹn, Bàbá."

"Mo mọ̀. Mo ti yọjú wò wọ́n." Ó nàró, ó di ìdí mú. "Wọn ò tó bí o ṣe ń ròyìn wọn."

"Fúnmi ti kú, Bàbá."

Ó wá sí ibi wáyà, ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi dé apá òsì mi. "Mo mọ̀," ó ní. "Mi ò sọ pé kí o wọlé. Jókòó síbẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn wáyà, ó ń roko. Nígbà tó yá, Dókítà jáde wá, ó gbé àga méjì, ó fi ọ̀kan fún un. Mo ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo wà. Bàbá sọ fún un pé ní oko tí òun ti ṣe ìwọ̀fà, olówó kì í fi tipátipá dá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú àìsàn padà sídìí iṣẹ́ tó dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n á fi í sí ibòmíràn, ará ilé rẹ̀ á máa ṣe èyí tó kù títí yóò fi yá. "Àwọn yẹn kò kàwé," ó ní.

Dókítà bojú wo ibi tí mo jókòó sí. Ó wá ní, "Bàbá, bí mo bá ní kí ó máa wá sídìí màíkírósíkóòpù nìkan, kó má wọ ilé eku, ṣé ẹ máa gbé ọkọ́ lọ sílé?"

"Ó tó lónìí. Ṣùgbọ́n èmi á máa wá roko ẹ̀yìn ilé eku, kí àyè rẹ̀ má baà ṣófo. Bí ó bá wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀, n ó fi í sílẹ̀ fún un."

Bó ṣe rí nìyẹn. Mo padà. Mo ń fi màíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀, Bàbá sì ń wá láti Ayépé, ó ń roko. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní èmi nìkan ni òṣìṣẹ́ tó wá pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Òjò bẹ̀rẹ̀, koríko ń hù ju bó ṣe ń ro ó lọ. Àárọ̀ kan, ó ń wúkọ́ nínú òjò wínníwínní, mo sì wọ ìbọ̀wọ́, mo bo imú, mo ṣí ilẹ̀kùn ilé eku. Mi ò lè fọwọ́ kan nǹkan kan, mo kàn fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó rí mi láti ojú ihò fèrèsé. Ó nu ọkọ́ rẹ̀ mọ́ koríko, ó ní, "Ẹ̀rù náà kò lọ o. Ìwọ lo dé."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dókítà fi ọ̀rọ̀ kan kún ìwé àwọn ọmọ sìkọ́láṣíìpù: ẹni tí iṣẹ́ bá dá dùbúlẹ̀, a kì í fipá dá a padà sídìí iṣẹ́ kan náà. Èmi ni mo ń gba àwọn ọmọ tuntun wọlé báyìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí nǹkan kan, mo máa ń sọ ọjọ́ tí yóò parí fún wọn, mo sì máa ń tún un sọ. Ẹ̀rù eku ṣì ń bà mí.

Lọ́jọ́ tí ìsìn mi parí, Bàbá wọ agbádá, ó wá dúró ní géètì. Mi ò pè é. Máígáàdì ní kó wọlé jókòó, kò gbà. Mo sọ fún un pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, pé mo máa padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, "Ìyẹn tọ́jọ́ Ajé. Tòní ti parí. Jẹ́ ká lọ sílé." A wọ kẹ̀kẹ́ kan náà, ó jókòó sí apá òsì.

Nígbà àìsàn tó gbẹ̀yìn, ìyá mi ló ń tọ́jú rẹ̀ ní Ayépé, èmi ń lọ bí iṣẹ́ bá ti gbà mí láyè. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí n fa apẹ̀rẹ̀ obì súnmọ́ òun. Kò lè yí wọn padà mọ́, mò ń yí wọn fún un, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó wá ní, "Mùíbá, ìwọ lo mọ̀ nípa àìsàn. Ọjọ́ wo ni yóò parí?"

Níbi iṣẹ́ wa, a kì í sọ irú rẹ̀. A máa ń ní a ṣì ń wò ó. Mo wo ìyá mi, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wo ẹsẹ̀ Bàbá tó ti wú, mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Bàbá," mo ní, "kò jọ pé ẹ máa rí Jímọ̀ tó ń bọ̀."

Ó gba obì tó wà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀.

"O ṣeun," ó ní. "Nígbà yẹn, lóko, wọn ò sọ fún mi."